Obìnrin Tó Ṣí Ilẹ̀kùn

Òórùn ike tó ń yọ́ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Tó o bá ti gba àárín àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọjà Ládìpọ̀ kọjá rí, ní apá Mùṣín níbẹ̀, wàá mọ èyí tí mò ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí àbẹ́là bá ń yọ́ lórí irin gbígbóná, ó sì máa ń dàpọ̀ mọ́ òórùn ọ́ìlì ẹ̀rọ àti ti ẹ̀wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ lẹ́nu géètì láàárọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé òórùn yẹn wọlé. Ìyàwó mi a máa ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó wọ yàrá, a sì máa rẹ́rìn-ín bó bá ṣe ń sọ ọ́. Kò da èmi láàmú nígbà náà. Iṣẹ́ mi ló ń rùn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí mo mọ̀, tí àwọn èèyàn sì mọ̀ mí sí.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Sùúrùlérè ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ńláńlá la máa ń lọ bá, ká bá wọn pààrọ̀ ohun tó bá ti gbó lára rẹ̀, nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwa la máa ń lọ bá a níbi tó dúró sí, bí nọ́ọ̀sì tó ń lọ wo aláìsàn tí kò lè dìde. Lónìí mo lè wà nídìí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ní Yábàá, lọ́la kí n wà nídìí èyí tó ń tẹ páànù. Mo mọṣẹ́ náà dunjú. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn o. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ó wà lára ohun tó mú ẹ̀ṣẹ̀ mi wúwo. Ẹni tí kò mọṣẹ́ lè sọ pé òun ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ni, nígbà òjò, wọ́n pè wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe korobá ní Mùṣín pé ẹ̀rọ wọn ń jo ọ́ìlì. Jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ẹ̀rọ náà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ọ. Ó gùn tó ọkọ̀ méjì tí wọ́n gbé síwájú ara wọn. Á yọ́ ike, á fún un sáàárín irin ńlá méjì tó máa ń pàdé bí ìgbà tí èèyàn bá pa àtẹ́lẹwọ́ méjì pọ̀. Tí ike bá ti le tán, irin méjì náà á ya ara wọn, korobá á sì bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn korobá á lẹ̀ mọ́ irin, kò ní bọ́. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á wá ṣí ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ inú, á yọ korobá náà. Ara ilẹ̀kùn yìí ni súwíìṣì kékeré kan wà, kò ju páálí ìṣáná lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, súwíìṣì yìí ló ń dá ẹ̀rọ dúró, irin méjì yẹn ò sì ní pàdé títí ilẹ̀kùn á fi pa dé. Òun nìkan ló wà láàárín ọwọ́ èèyàn àti agbára tó lè fọ́ òkúta.

Obìnrin kan ló ń darí ẹ̀rọ náà. Á tó ẹni ogójì ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń so síkáàfù aláwọ̀ ewé mọ́rí. Ará Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Mùṣín ni wọ́n ti bí i. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án nídìí ẹ̀rọ yẹn, ó mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ. Kí n tó ṣí àpótí irinṣẹ́ mi ló ti sọ fún mi pé, "Ẹnjiníà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tó ti ń mí bí ẹni tó ní ikọ́ fée." Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, mo tẹ́tí, òótọ́ ló sọ. Páǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì. Mo ti bá àwọn tó kàwé ẹ̀rọ pàdé tí wọn ò ní gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Mo kọ́kọ́ fa ọ́ìlì sínú dúrọ́ọ̀mù méjì, mo wá tú àwọn họ́òsì tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Mẹ́ta nínú wọn ti sán bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Páǹpù yẹn wúwo débi pé ẹ̀wọ̀n la fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo yọ àwọn rọ́bà róbótó inú rẹ̀ tó ti gbó, mo fi tuntun rọ́pò wọn, mo ń fi ìka tọ́ etí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí èyíkéyìí má bàa ká. Ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Òógùn ń kán sí mi lójú, mi ò sì lè fi ọwọ́ nù ún. Obìnrin náà ló ń bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jókòó síta nígbà tí ẹ̀rọ ti dúró. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ òun.

A ń sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó sọ fún mi pé òun máa ń dirun fún àwọn ọmọ ilé wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ní ìka òun ò mọ ìsinmi, pé tí òun ò bá rí nǹkan fi wọ́n ṣe, ńṣe ni wọ́n á máa jó lórí itan òun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè wo àwọn ìka náà níbi tí wọ́n ti di tọ́ọ̀ṣì mú, wọ́n gùn, èékánná wọn mọ́ tónítóní lẹ́yìn gbogbo ọ́ìlì ibẹ̀. Mo ṣì ń rí wọn.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, mo ń fa họ́òsì àtijọ́ tó kẹ́yìn jáde. Ó há. Mo fi gbogbo ara fà á, ó já lójijì, ìgbọ̀nwọ́ mi sì lọ gbá súwíìṣì ara ilẹ̀kùn. Ó dún pẹ́kẹ́. Apá kékeré tó wà lórí rẹ̀, èyí tí ilẹ̀kùn máa ń tì, ti kán. Obìnrin náà ti lọ fọ ọwọ́ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Mo parí ìyókù iṣẹ́, mo da ọ́ìlì padà, mo tan ẹ̀rọ. Kò ṣiṣẹ́, nítorí kò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ti pa dé. Súpáfáísọ̀ wọn wá bá mi níbẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tí kì í pariwo.

"Ẹnjiníà, kí ló tún kù?"

"Súwíìṣì ilẹ̀kùn ni, sà. Ó ti kán."

Mi ò sọ ẹni tó kán an. Ó ní, "Ṣé a lè rí i rà?" Mo ní ọkùnrin kan wà ní Ládìpọ̀ tó máa ń ta irú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa náà. Ẹ lọ rà á wá, ẹ má kánjú. Màá dúró dè yín."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òjò sọ̀. Òjò Èkó ni, èyí tó máa ń wá bí ẹni tó ń bínú, tó sì ń lu páànù débi pé èèyàn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni kejì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún ojú ọ̀nà. Ó ti rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, aṣọ ara mi ti lẹ̀ mọ́ mi. Ìrìn Ládìpọ̀ lọ àti bọ̀ ò lè ju wákàtí kan lọ tí kì í bá ṣe ti òjò yẹn.

Láti ìgbà náà wá, mo ti sọ ìtàn yìí fún ara mi ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nínú òmíràn, súpáfáísọ̀ ló ń kán mi lójú. Nínú òmíràn, ọ̀gá mi ló ń pè mí lórí fóònù pé kí n tètè máa bọ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi. Bàbá yẹn sọ pé òun á dúró dè mí. Nítorí òjò ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo padà lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Mo já wáyà méjì tó wọnú súwíìṣì náà, mo lọ́ wọn mọ́ra, mo fi téèpù dúdú dì wọ́n, mo sì to súwíìṣì tó kán náà padà sí àyè rẹ̀ kó lè dà bí odindi. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lójú ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn ti pa dé títí láé nìyẹn. Bó ṣí o, bó tì o, kò ní mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá mọ́ báyìí ni màá mú tuntun wá. Mo tan ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹ́rẹ́, kò mí hẹ́ẹ́hẹ́ẹ́ mọ́.

"Mo ti tún un ṣe, sà," mo sọ fún súpáfáísọ̀. Kò béèrè ibi tí mo ti rí òmíràn, ó kàn gbàdúrà fún mi. Obìnrin náà wá síbẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, inú rẹ̀ dùn. Ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Ẹnjiníà, wọ́n ní súwíìṣì ilẹ̀kùn kán. Ṣé ó ti dáa?"

"Ó ti dáa, Àǹtí."

Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ pẹ̀lú pé gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, mo fọwọ́ sí i, mo dúró kí òjò dá díẹ̀, mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán mi lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Yábàá, ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè mo yà ní Ládìpọ̀, mo ra súwíìṣì náà. Tuntun ni, nínú páálí rẹ̀. Mo fi sínú báàgì mi. Lọ́jọ́ Fúráìdeè, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ gba ẹnu àdúgbò ilé-iṣẹ́ yẹn kọjá. Mo rí òpópónà náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀. Mo ní, kò burú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi báàgì náà sórí itan mi, súwíìṣì wà nínú rẹ̀, a sì kọjá lọ.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni súpáfáísọ̀ pè mí. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohùn rẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀rọ ti pa ọwọ́ obìnrin yẹn pọ̀." Ó ń mí gúlegúle. Ó ní wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù Ìdí-Àràbà.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni korobá ti ń bọ́ dáadáa láìlẹ̀ mọ́ irin, nítorí ọ́ìlì àti páǹpù tí mo tún ṣe. Èyí tó kọ́kọ́ lẹ̀, àárọ̀ yẹn ni. Obìnrin náà ṣe bó ti máa ń ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án: ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti da lẹ́búlẹ́bú pákó bo ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Máníjà àti súpáfáísọ̀ ti tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì wà níta, àwọn kan ń sunkún. Gètímáànù ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ku èmi àti ẹ̀rọ náà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣe ohun tó burú ju èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ òjò. Lọ́jọ́ òjò, mi ò ní èèyàn kankan lọ́kàn láti pa lára. Lọ́jọ́ yìí, mo mọ ẹni tí mò ń ṣe é sí. Mo tú téèpù dúdú náà, mo kó o sápò. Mo yọ súwíìṣì tó kán. Mo mú tuntun jáde látinú páálí rẹ̀, mo dè é mọ́ ilẹ̀kùn. Ó ń dán. Mo wá mú àkísà olóìlì, mo fi nù ún títí kò fi dán mọ́.

Máníjà dé, ẹ̀jẹ̀ wà lápá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní ìka mẹ́ta ti lọ, pé àwọn dókítà ń gbìyànjú lórí ìyókù. Ó wá wò mí lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀rọ yìí ló ní àléébù ni?"

Mo tan ẹ̀rọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró. Mo tì í, ó ṣiṣẹ́. Mo tún ṣí i, ó tún dúró. "Ẹ wò ó, sà," ni gbogbo ohun tí mo sọ.

Ó mí kanlẹ̀. "A jẹ́ pé kò ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn. Ibòmíì ló gbà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àìfarabalẹ̀ ni." Ó ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, pé kò ṣí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo lọ sí Ìdí-Àràbà. Mo dé ẹnu géètì, mo ra ọsàn, mo dúró títí, mo sì padà sílé pẹ̀lú ọsàn náà. Lọ́jọ́ keje mo wọlé. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ìyá rẹ̀ sì ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò mí." Ó fi ọwọ́ òsì mú omi inú ọ̀rá kan lórí tábìlì, ó nà án sí mi, ó wá rántí irú ọwọ́ tó ń nà sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ọwọ́ òsì ni mo fi fún yín."

Òun ló ń bẹ̀ mí. Mo gba omi náà. Mi ò lè mu ún.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má bàa jí. "Wọ́n ní mi ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Àmọ́ Ẹnjiníà, mo ṣí i. Mo rántí pé mo ṣí i." Ó wo ọwọ́ tí wọ́n wé náà. "Àbí orí mi ti dàrú ni? Wọ́n ní ẹ̀yin náà yẹ ẹ̀rọ wò, pé kò ní àbùkù. Tí ẹ̀rọ ò bá ní àbùkù, a jẹ́ pé èmi ni mi ò rántí dáadáa." Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń fẹ́, ọwọ́ mi ló sì wà. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Àǹtí, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo dìde, mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, súpáfáísọ̀ tún pè mí. Kò ní iṣẹ́ kankan fún mi, ó kàn ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún ni. Ó ní wọ́n ti fún obìnrin náà ní lẹ́tà pé kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́, nítorí àìfarabalẹ̀. "Mo ti bá a ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án," bàbá náà ní. "Obìnrin yẹn kì í ṣe aláìfarabalẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò yé mi." Mo ní, "Hmm." Mo pa fóònù.

Ní gbogbo àkókò yẹn, mi ò lè pọkàn pọ̀ lórí ìrun. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, téèpù dúdú ni mò ń rí. Ìyàwó mi ti ń wò mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí súpáfáísọ̀ pè mí yẹn, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó rí i pé mi ò fọwọ́ kàn án, ó wá jókòó sílẹ̀ ó ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rò pé á tù mí nínú. 

"Kí lẹ wá ń sọ ọ́ fún mi fún? Ṣé èmi ni ẹ̀rọ gé lọ́wọ́?"

Ó gbé oúnjẹ náà padà sí kíṣìnnì.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni mo lọ sílé obìnrin náà. Ilé àwọn oníyàrá púpọ̀ ni, lẹ́yìn ọjà kan ní Mùṣín, yàrá rẹ̀ ni ìkẹta lápá ọ̀tún. Àwọn ọmọ ilé wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíì ló ń dirun fún wọn. Ó gbà mí wọlé, ó ní kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí aṣọ ló kún orí àga. Mi ò jókòó. Mo mọ̀ pé tí mo bá jókòó, màá béèrè àlàáfíà rẹ̀, màá béèrè ti ìyá rẹ̀, màá sì dìde máa lọ. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe dúró. Mo sọ ti ìgbọ̀nwọ́ mi, ti òjò, ti wáyà méjì, ti súwíìṣì tó wà nínú báàgì mi láti ọjọ́ Tọ́sìdeè, ti ohun tí mo ṣe nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Mo ń retí kó pariwo. Mo ti múra sílẹ̀ pé tó bá gbá mi létí, mi ò ní gbé orí kúrò. Kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé àyà, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé mo ṣí ilẹ̀kùn yẹn?"

"Ẹ ṣí i, Àǹtí."

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ ṣí i. Ẹ̀rọ ló yẹ kó dúró. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dúró."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tó ń pe ìyá rẹ̀. "Màámi! Ẹ wá gbọ́ o! Orí mi ò dàrú! Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀!" Ìyá rẹ̀ wọlé, màmá arúgbó kan tí èdè Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ṣinṣin. Mo tún sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Màmá náà kò bú mi. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa itan ara rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n forí jì mí. Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. "Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ má tíì béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò ṣí ilẹ̀kùn."

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún máníjà lójú súpáfáísọ̀, mo sì kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Máníjà bú mi gan-an, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.  Súpáfáísọ̀ wò mí, bí mo ṣe ń jáde ló rọra sọ pé, "Mo ní màá dúró dè yín." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀gá mi ní Sùúrùlérè ní kí n kó irinṣẹ́ mi máa lọ. Mi ò bá a jiyàn.

Wọ́n kọ lẹ́tà mìíràn sí obìnrin náà, pé kò jẹ̀bi ohunkóhun, wọ́n sì pè é padà sí sítọ́ọ̀, níbi tó ti ń ṣe àbójútó ẹrù tó ń jáde. Mo gbọ́ pé ó lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Mi ò tíì rí i fúnra mi, nítorí mi ò padà débẹ̀. Kò pè mí, mi ò sì rò pé ó yẹ kí n gbé ojú mi lọ síbẹ̀ kí ara lè tù mí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a tún pàdé. Ìyàwó mi ń lọ sílé ìyá rẹ̀, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Jíbówú. Bí mo ṣe yíjú, obìnrin náà àti ìyá rẹ̀ ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ti rí mi kí n tó rí i. Ó lè yíjú sẹ́yìn, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn.

"Ṣé ẹ ṣì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ?" ó béèrè.

"Mo ṣì ń ṣe é. Mo ti ń dá ṣe é fúnra mi báyìí."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tó máa ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ. "Ẹ máa ṣe é dáadáa," ó ní. Awakọ̀ ní kí wọ́n wọlé, ó di ìyá rẹ̀ mú, wọ́n wọlé, ọkọ̀ sì gbéra.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ìyàwó mi ní ìdáríjì ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí àṣẹ, mo sì ń gbìyànjú láti pa á mọ́. Tí mo bá parí iṣẹ́ lára ẹ̀rọ kan lónìí, èmi fúnra mi ló máa ń kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lójú ẹni tó máa lò ó, kí òun náà fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó dúró. Àwọn kan máa ń sọ pé mo ti ń fi àkókò ṣòfò. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí èèyàn bá jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ẹrù ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa nìyẹn láti kékeré. Tèmi ò fúyẹ́. Bó ṣe wúwo ló ṣe wúwo. Ṣùgbọ́n fún odindi oṣù kan, mo gbé e ru obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó ń jí láàárọ̀ tó ń bi ara rẹ̀ bóyá orí òun pé. Ó ti kúrò lórí rẹ̀ báyìí. Ó ti wà lórí ẹni tó ni ín.